Ibi Tí Agbára Ọkàn Dé Nínú Ìwòsàn

Ní Àkúrẹ́ níbí, ohùn méjì ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé etí ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá. Àwọn kan á ní kí ó gba ohunkóhun tí dókítà bá kọ sílẹ̀, kí ó má sì bi í ní nǹkan kan, nítorí pé ẹni tó kàwé ló mọ̀ ọ́n. Àwọn mìíràn á ní inú ọkàn ni gbogbo rẹ̀ wà, pé kí ó ṣáà gbàgbọ́, kí ó da oògùn òyìnbó nù, ara rẹ̀ á sì le. Mo ti gbọ́ méjèèjì nínú ilé ìjọsìn, nínú ọkọ̀, àti lẹ́nu àwọn ẹbí tèmi, mo sì gbà pé méjèèjì ń ṣe aláìsàn ní ibi. Ọkàn ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú ìwòsàn, iṣẹ́ náà sì ní ààlà, ẹni tí kò bá sì béèrè ọ̀rọ̀ kò lè mọ ibi tí ààlà yẹn wà.

Àbúrò màmá mi kan ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba. Ó ti pẹ́ tí orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, débi pé bó bá fẹ́ dìde lórí àpótí tó ń jókòó lé, ó ní láti kọ́kọ́ di etí tábìlì mú, kó dúró díẹ̀, kó tó lè na ẹsẹ̀ náà. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ya àwòrán orúnkún yìí, wọ́n sì sọ fún un pé làkúrègbé ti ba oríkèé náà jẹ́, pé kí ó lọ wá owó iṣẹ́ abẹ, níbi tí wọn yóò ti ki ẹ̀rọ tín-ín-rín bọ inú orúnkún, tí wọn yóò ha inú rẹ̀, tí wọn yóò sì fi omi ṣàn án. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi sọ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà, orí fáìlì ni ẹni tó ń sọ ọ́ sì kọjú sí. Nígbà tí àǹtí mi béèrè pé, "Dókítà, ẹ jọ̀wọ́, bí a bá ṣe é tán, ṣé ìrora náà á lọ?", èsì tó gbà ni pé, "Màmá, ṣé ẹ̀yin ni dókítà ni àbí èmi?" Ó há àpò àwòrán náà mọ́ abíyá, ó sì bọ́ sọ́nà ilé.

Ìbéèrè tó béèrè yẹn, àwọn oníṣègùn fúnra wọn ti bi ara wọn rí. Ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà, Bruce Moseley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó 180 aláìsàn tó ní làkúrègbé orúnkún jọ, wọ́n sì ṣẹ́ kèké pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n ha inú orúnkún àwọn kan, wọ́n kàn fi omi ṣan ti àwọn kan, ṣùgbọ́n ní ti ìpín kẹta, awọ orúnkún nìkan ni wọ́n fi abẹ gé, tí wọ́n sì rán padà láìfọwọ́ kan nǹkan kan nínú rẹ̀. Gbogbo wọn ló ti fọwọ́ sí i ṣáájú pé ó lè jẹ́ iṣẹ́ abẹ àfarawé lásán ni wọ́n máa ṣe fún àwọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ìpín tí òun bọ́ sí. Wọ́n tẹ̀ lé wọn fún ọdún méjì, àbájáde tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2002 ni pé àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ gidi fún kò sàn ju àwọn tí wọ́n gé awọ wọn lásán lọ. Irú iṣẹ́ abẹ tí ẹlòmíràn lè torí rẹ̀ ta ilẹ̀ baba rẹ̀ nìyí.

Ẹnìkan lè wá sọ pé a jẹ́ pé ìrora àwọn ènìyàn wọ̀nyí kì í ṣe òótọ́. Rárá o. Ní 1978, Jon Levine, Newton Gordon àti Howard Fields ṣe ìwádìí kan ní California lára àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ eyín fún. Wọ́n fún wọn ní ohun tí kò ní oògùn kankan nínú, ìrora àwọn kan sì rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fún àwọn yìí ní naloxone, èyí tó máa ń dènà iṣẹ́ mọ́fíìnì, oògùn ìrora tó lágbára gan-an, nínú ara, ìrora náà tún gbé orí sókè. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìrètí ìtura ti mú kí ara tú oògùn ìrora tirẹ̀ jáde, oògùn tó jọ mọ́fíìnì, naloxone sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Fabrizio Benedetti ní ìlú Turin ní Ítálì tún fi èyí hàn láti ìhà kejì, ìwádìí tirẹ̀ yìí sì ni mo fẹ́ràn jù: bí ẹ̀rọ bá fi oògùn ìrora sínú omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára láìjẹ́ kó mọ̀, oògùn náà kì í ṣiṣẹ́ tó ìgbà tí ẹnìkan bá dúró níwájú rẹ̀ tó sì sọ ohun tó fẹ́ fún un. Oògùn kan náà ni o. Nítorí náà, nọ́ọ̀sì tó bá sọ pé, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, abẹ́rẹ́ yìí á mú ìrora yín rọ láìpẹ́," ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú kí abẹ́rẹ́ tó kan ara.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń tuni lára náà ló lè dá ìnira sílẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní London, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2020, kó 60 ènìyàn tó ti pa oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tì nítorí pé ó ń ni wọ́n lára. Nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 ìnira tí wọ́n ní lóṣù tí wọ́n lo oògùn gidi ni wọ́n ní lóṣù tí wọ́n lo ayédèrú, ìyẹn èyí tí kò ní oògùn kankan nínú.

Ibi tí agbára ọkàn pin sí ni mo ń bọ̀ yìí, mo sì fẹ́ kí ẹni tó ń wàásù pé ìgbàgbọ́ nìkan tó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ní 2011, Michael Wechsler, Ted Kaptchuk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Boston tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn tó ní asímà. Nígbà mìíràn wọ́n fún wọn ní oògùn gidi tí wọ́n ń fín sẹ́nu, nígbà mìíràn èyí tí kò ní oògùn nínú, nígbà mìíràn ayédèrú abẹ́rẹ́ ìṣègùn ilẹ̀ Ṣáínà, irú èyí tí wọ́n máa ń gún sí awọ láìsí oògùn nínú rẹ̀, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ wọn kò fún wọn ní nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n bi àwọn aláìsàn bí ara ti rí, wọ́n ní ayédèrú tu àwọn lára bíi ti gidi. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ẹ̀dọ̀fóró, oògùn gidi ti fi ìdá 20 nínú 100 kún èémí wọn, ayédèrú kò fi ju nǹkan bí 7 lọ, ìyẹn kò sì yàtọ̀ sí ìgbà tí wọn kò fún wọn ní nǹkan kan. Ara tu wọ́n, èémí kò sì pọ̀ sí i. Asímà ń pa ènìyàn, ẹni tó bá ń fi bí ara ti rí lára rẹ̀ wọn àìsàn yẹn lè kú pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ ríru, tí kì í sábà dun ẹnikẹ́ni títí tí yóò fi da ènìyàn wó lójijì. Ìrora, èébì, àárẹ̀ àti ìbẹ̀rù ni ọkàn máa ń ràn wá lọ́wọ́ lé lórí, ṣùgbọ́n n kò mọ ìrètí kan tó ń pa kòkòrò ibà tàbí tó ń yọ jẹjẹrẹ kúrò lára.

N kò sọ èyí láti tàbùkù ẹ̀sìn tàbí ìṣègùn ìbílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ti fi hàn wá láti 1954 ní ilé ìwòsàn Àrò bí a ṣe lè so nǹkan pọ̀. Ó fi àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, pẹ̀lú ẹbí wọn nítòsí, ó sì ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́. Síbẹ̀ kò pa ìtọ́jú ilé ìwòsàn tì.

Òfin pàápàá wà lẹ́yìn ẹni tó ń béèrè. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 2014, ní abala 23, sọ pé ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn gbọ́dọ̀ sọ bí ara rẹ̀ ti rí fún un, àti onírúurú ìtọ́jú tó wà, àǹfààní wọn, ewu wọn àti iye tí wọn yóò ná an, pẹ̀lú ẹ̀tọ́ tó ní láti kọ̀. Ó sì ní bó bá ti ṣeé ṣe, èdè tí aláìsàn gbọ́ ni kí wọ́n fi sọ ọ́. Mo jókòó ti àǹtí mi, a sì kọ ìbéèrè rẹ̀ sórí ìwé ní Yorùbá: Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí a kò bá ṣe iṣẹ́ abẹ yìí? Ṣé ìtọ́jú mìíràn wà tí a lè kọ́kọ́ lò? Báwo la ó ṣe mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́? Dókítà ọ̀dọ́ kan ní ilé ìwòsàn ìjọba ka ìwé náà tán, ó fa àga sún mọ́ ọn, ó sì dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Eré ìdárayá fún iṣan itan ni ó ní kó bẹ̀rẹ̀, àti kí ó dín ìwọ̀n ara rẹ̀ kù. Ìrora náà kò tán, ṣùgbọ́n ó ti rọ̀ gan-an, àǹtí mi sì ń ṣe eré ìdárayá náà nítorí pé ìdí rẹ̀ yé e.

Mo mọ̀ pé èrò pọ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn wa, pé dókítà kò tó, àti pé àwọn tó kù ń ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó. Ṣùgbọ́n Yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn tí ìpínlẹ̀ wa dá sílẹ̀ wà ní ìlú Oǹdó, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ àwọn olùkọ́ ibẹ̀ fún ni kí wọ́n má jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan gboyè láìjẹ́ pé ó ti jókòó níwájú ìyá ọlọ́jà kan, tó sì fi Yorùbá tó já gaara ṣàlàyé àìsàn rẹ̀, oògùn rẹ̀ àti ewu tó wà níbẹ̀ fún un, títí tí ìyá náà yóò fi lè tún un sọ fún àwọn olùkọ́ bó ṣe yé e sí, kí máàkì rẹ̀ sì wúwo bíi ti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ abẹ.