Olùkọ́ Kristẹni, ẹ gbọ́ ti ọmọ náà kí ẹ tó ṣí Bíbélì

Ohun tó máa ń ba iṣẹ́ títọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà jẹ́ jù lọ́wọ́ àwa olùkọ́ Kristẹni ni pé ìwàásù máa ń ṣáájú ìbéèrè. Ọmọ SS1 ní òun ò ṣe Físíìsì mọ́, olùkọ́ ti ń ka ẹsẹ Bíbélì lórí ìforítì. Ẹ bi í léèrè ná. Ṣé ó níwèé? Ṣé ó ń kiri ọjà tí wọ́n bá ti jáde ilé ìwé? Aago mélòó ló ń sùn? Ẹ ní kó ka ohun tó wà lójú pátákó láti ìjókòó ẹ̀yìn. Tó bá ń fún ojú pọ̀ kó tó rí i, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ mú un wá síwájú, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí òbí rẹ̀ pé kí wọ́n lọ yẹ ojú rẹ̀ wò.

Físíìsì yẹn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní yunifásítì, Èdè Gẹ̀ẹ́sì, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́místírì àti Físíìsì ni yóò fi ṣe JAMB. Bó bá fi í sílẹ̀ ní SS1, ó lè di SS3 kó tó mọ ohun tó sọ nù. Nítorí náà, láti táàmù àkọ́kọ́, kí ọmọ kọ iṣẹ́ tó wù ú sínú ìwé, pẹ̀lú sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tí JAMB ń béèrè àti márùn-ún tó gbọ́dọ̀ ti gba krẹ́díìtì nínú WAEC.

Ọmọ mẹ́rin sí mẹ́fà ti tó olùkọ́ kan láti tọ́ sọ́nà. Ẹ sọ fún ọ̀gá ilé ìwé, ẹ kọ lẹ́tà sí òbí, nítorí àwọn ló lọmọ. Tímótì gan-an, ọ̀dọ̀ Lóìsì ìyá àgbà rẹ̀ àti Yùníìsì ìyá rẹ̀ ni ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kó tó di ọmọ ẹ̀yìn Pọ́ọ̀lù. Ẹ máa bá àwọn ọmọ náà pàdé fún ogún ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, lákòókò ìsinmi ọ̀sán, níbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí yín: abẹ́ igi, tàbí kíláàsì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ilé yín tàbí inú ọkọ̀ yín.

Àwọn ọmọ Mùsùlùmí wà nínú wọn, ilé kan náà ni wọ́n ṣáà ti ń wá nílẹ̀ Yorùbá. Abala 38 nínú òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò gbà kí ilé ìwé fipá mú ọmọ wá síbi ìsìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ má sọ pé àfi ọmọ tó bá ń wá sí fẹ́lóṣíìpù lẹ máa ràn lọ́wọ́. Ọmọ tó bá fẹ́ àdúrà yóò sọ.

Àkókò WAEC ni àwọn ọmọ máa ń wo olùkọ́ Kristẹni dáadáa. Bí ẹ bá bá wọn lọ́wọ́ sí màgòmágó, ohun tí ẹ ti ń sọ láti SS1 ti wọmi. Láti SS2 ni kí ẹ ti máa jókòó tì wọ́n, kí wọ́n máa fi aago ṣe ìbéèrè àwọn ọdún tó ti kọjá, ọ̀sẹ̀ kan, sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan.

Ẹ má ṣèlérí fún ọmọ láé pé ẹ ò ní sọ fẹ́nikẹ́ni. Bó bá ní ẹnì kan ń fọwọ́ kan òun lọ́nà tí kò tọ́, ẹ dákẹ́ gbọ́ ọ tán, ẹ kọ ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ gan-an sílẹ̀ pẹ̀lú déètì, kí ẹ sì gbé e lọ bá ọ̀gá ilé ìwé lọ́jọ́ náà. Bó bá jẹ́ ọ̀gá náà ni ọmọ dárúkọ, ẹ gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ má lọ bá ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ náà nìkan padà sọ́dọ̀ rẹ̀.