Omi Inú Tíréè

Ọjọ́bọ̀, Iléṣà.

Ilẹ̀ ti ṣú, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ sùn láì kọ èyí sílẹ̀.

Adágún Chad ni mo kọ́ àwọn ọmọ pírámárì 5 lónìí. Máàpù ara ògiri wa ti pẹ́. Ràgàjì ni adágún náà ṣì rí lórí rẹ̀, ní ìkángun Borno, níbi tí ilẹ̀ wa, Niger, Chad àti Kamẹrúùnù ti pàdé. Mo ní bó ṣe tóbi tó ní nǹkan bí ọdún 1963 nìyẹn, bíi 25,000 kìlómítà níbùú lóròó. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun á wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àyè á tún ṣẹ́ kù. Wọ́n hó yèè. Mo wá sọ pé nígbà tí ọ̀dá mú, tó fi máa di àárín ọdún 1980 sí 1989, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ló kù.

"Àǹtí, ta ló mu omi ọ̀hún?"

Ìbéèrè tí mo ń retí nìyẹn. Láti àárọ̀ ni mo ti bu kọ́ọ̀pù omi kan sínú tíréè, mo bu òmíràn sínú ìgò, mo gbé méjèèjì sóòrùn. A jọ lọ wò wọ́n. Ti ìgò ò yẹ̀. Ti tíréè ti fà sẹ́yìn, etí rẹ̀ ti gbẹ, ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù láàárín. Adágún Chad tẹ́ bíi tíréè yẹn ni. Ọ̀pọ̀ ibi ni àgbàlagbà lè dúró sí kí omi má bo orí rẹ̀. Odò Chari, tó ń ṣàn bọ̀ láti gúúsù, ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú omi rẹ̀ wá. Bí òjò bá kọ̀ lọ́hùn-ún, adágún á súnkì.

Ẹja mangala tí mo rà lánàá lọ́jà Atákúnmọ́sà ni mo fi kádìí rẹ̀. Ẹni tó tà á ní láti ọ̀nà Maiduguri ló ti wá. Wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀. "Irú ẹ̀ ni màámi fi se ẹ̀fọ́!" Inú mi dùn gan-an. Ogun nìkan ni wọ́n máa ń gbọ́ nípa Borno lórí rédíò, bẹ́ẹ̀ apẹja, darandaran àti àgbẹ̀ ló ń jẹun létí omi náà.

Mo tẹnu mọ́ ọn pé kò gbẹ tán, pé omi ti padà díẹ̀ láti ìgbà náà.

Agogo lù. Ọmọbìnrin kan dúró sẹ́yìn, ó ń da omi tó kù nínú ìgò rẹ̀ sínú tíréè.

"Kó má baà gbẹ kí á tó dé lọ́la ni, Àǹtí."