Ẹ̀yin àbúrò mi nídìí rédíò, ẹ gbọ́ tèmi

Ó ti pé ọdún 20 báyìí tí mo ti ń ka ìròyìn Yorùbá ní rédíò ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin níbí, ẹ̀kọ́ méjì ni mo fẹ́ kọ fún yín.

Ìkíní, ẹ máa ka ìròyìn yín sókè kẹ́ ẹ tó wọ sítúdíò.

Ìkejì, tí ẹnì kan yín bá ṣubú, ẹ má sá fún un. Mo rí gbogbo èébú tẹ́ ẹ kọ sí WhatsApp nípa ẹni tí wọ́n lé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni tó kọ́ yín níṣẹ́ ni o!

Nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, mo ṣe ètò kan nípa Mamman Vatsa. Ọ̀gágun tó ja ogun abẹ́lé Nàìjíríà ni, ó ń kọ ewì, nígbà tó sì jẹ́ mínísítà Abuja ó fún ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé nílẹ̀. Ìparí 1985 ni wọ́n mú un, wọ́n ní ó fẹ́ gbàjọba lọ́wọ́ Babangida, olórí ìjọba ológun nígbà náà, tí wọ́n jọ ṣe iléèwé ní Bida. Àwọn òǹkọ̀wé ẹgbẹ́ ẹ̀, Soyinka, Achebe àti J.P. Clark, gbéra, wọ́n lọ bẹ Babangida l'Ékòó pé kó dá ẹ̀mí ẹ̀ sí. 5 March 1986, wọ́n yìnbọn pa á. Ṣùgbọ́n wọ́n lọ.

Àwọn èèyàn pè láti Sákété, láti Kétu, wọ́n ń kí mi kú iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n pe ọ̀rẹ́ mi kan, ẹ̀gbọ́n ló jẹ́ sí mi, sí bíróò ọ̀gá, wọ́n ní ó jẹ owó ìkéde òkú. Ojú mi ló ṣe tó ka owó yẹn fún akápò. Mo jókòó níbẹ̀, ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iléèwé, ẹ̀rù ń bà mí kí iṣẹ́ má bọ́, ó wò mí, mo yíjú sí fèrèsé. Ọjọ́ náà ni wọ́n lé e. Oṣù méjì ò pé tí wọ́n fi mọ ẹni tó kó owó, kò sẹ́ni tó pè é padà, inú ń bí mi dòní.

Mo wá a lọ sí Wàndó, níbi tó ti ń ta kpayo, epo bẹntiróòlù fàyàwọ́. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Dìde, aṣọ ẹ á dọ̀tí." Ó da lítà méjì sínú alùpùpù mi, ó gba owó ẹ̀, ó sì ka ṣéńjì mi lé mi lọ́wọ́, ẹyọ kọ̀ọ̀kan.