Aṣọ Ẹbí Tó Ṣá Sínú Kámẹ́rà Mi

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́. Fọ́tò ìgbéyàwó àbúrò mi tẹ́ ẹ ń gbọ́ nípa rẹ̀ yẹn, òótọ́ ni. Èmi ni mo yà á. Fọ́tò 612, kò sí àwọ̀ kan ṣoṣo nínú ẹ̀.

Àṣejù ló bá mi. Mo ti wo àwòrán irun tí J.D. 'Okhai Ojeikere, ayàfọ́tò ọmọ Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í yà lọ́dún 1968, dúdú àti funfun lásán, àfi bíi kéèyàn ka irun orí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wọ̀ mí lára. Mo ní èmi náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo ra kámẹ́rà tòkunbọ̀ lóṣù méjì sẹ́yìn, tí mi ò tíì mọ bọ́tìnì tí wọ́n fi ń pa á! Mo yí i sí Monochrome, ìyẹn dúdú àti funfun. Ìyẹn ò burú. Kámẹ́rà wá ní kí n mú irú fáìlì tí mo fẹ́, RAW àbí JPEG.

Ẹ̀yin náà ẹ sọ, "raw" kẹ̀? Ṣebí tútù ni. Ta ní ń gbé iṣu tútù fún àlejò níbi ìnáwó? Yàtọ̀ síyẹn, 16GB ni káàdì mi, RAW kan sì ń gbé nǹkan bíi 25MB mì, nígbà tí JPEG ò ju nǹkan bíi 8MB lọ. Ahun tó ń gbé inú mi bá dáhùn: JPEG. Mo tẹ̀ ẹ́ tìdùnnú-tìdùnnú.

Ìgbà tí omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu tán ni ọ̀rẹ́ mi kan tó ń fi fọ́tò jẹun ṣẹ̀ṣẹ̀ là mí lójú. Ó ní ká ní RAW ni mo mú ni, ojú kámẹ́rà nìkan ni Monochrome yẹn ì bá mọ. Gbogbo àwọ̀ ṣì máa wà nínú fáìlì, mo sì lè jókòó nílé kí n mú pupa ṣókùnkùn, kí n mú àwọ̀ ewé mọ́lẹ̀, kí kálukú dá yàtọ̀. Àmọ́ JPEG ti gúnyán nínú kámẹ́rà, ó ti da èèpo nù. Ìpele eérú 256 péré ló ṣẹ́ kù fún mi. RAW kámẹ́rà mi yìí ì bá fún mi ní 16,384. Ó ní, "Ó yá, wá iṣu nínú iyán." Ó tún rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ burúkú.

Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Léèsì ẹbí ọkọ, ìyẹn tiwa, àwọ̀ ewé. Léèsì ẹbí ìyàwó, pupa. Nínú fọ́tò mi, eérú dojú kọ eérú. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù dà bí iyanrìn tí bíríkìlà fẹ́ pò mọ́ sìmẹ́ǹtì. Ìyàwó ń rẹ́rìn-ín, ẹni tí ò mọ̀ á ní òkú la lọ sin.

Mọ́mì ò tiẹ̀ bínú torí ẹwà. Ìwé gbèsè ló ń dùn wọ́n. Àǹtí mi kan gba léèsì láwìn lọ́wọ́ wọn, wọn ò san kọ́bọ̀. Ẹnìkan wá ta Mọ́mì lólobó pé Àǹtí ti ta léèsì náà, pé búlúù àtijọ́ kan ni wọ́n wọ̀ wá. Lọ́jọ́ ìnáwó, Mọ́mì ò rójú wo ẹnikẹ́ni. Fọ́tò ni ẹlẹ́rìí tí wọ́n gbójú lé. Ẹlẹ́rìí dé, kò mọ búlúù yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Eérú ni gbogbo wọn.

Ẹni kan ṣoṣo ló yìn mí. Àǹtí ni o! "Iṣẹ́ ọnà gidi rèé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn olówó ló ń ya irú èyí." Wọ́n fi ₦5,000 ránṣẹ́. Orí èmi òmùgọ̀ wú bí ẹ̀wù ẹtù.

Mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí Mọ́mì lórí WhatsApp. WhatsApp náà tún fún un bí ẹni ń fún aṣọ tútù, léèsì di kùrukùru. Ọkàn mi ti ń balẹ̀ fún Àǹtí nígbà tí Mọ́mì wọ yàrá mi, dígí lójú, léèsì tiwọn léjìká, bírò lọ́wọ́.

"Ṣí i lórí kọ̀ǹpútà. Fẹ̀ ẹ́."

Mo fẹ̀ ẹ́.

"Tún fẹ̀ ẹ́ sí i."

Wọ́n fi bírò gún ojú lápútọ́ọ̀pù mi: oókan, eéjì, ẹẹ́ta... Òdòdó orí léèsì tiwa, ewé márùn-ún márùn-ún ni. Wọ́n bọ́ sí àyà Àǹtí. Oókan, eéjì... Wọ́n ka mẹ́jọ. Wọ́n tún un kà. Mẹ́jọ. Wọ́n yọ dígí, wọ́n ní, "Ọlọ́run ò sùn."

Aago mẹ́sàn-án alẹ́, Àǹtí pè mí. Wọ́n ní kí n dá ₦5,000 àwọn padà.

"Kí ni mo ṣe, mà?"

"Fọ́tò tí ò ní àwọ̀, kí ló dé tó o jẹ́ kó ní òdòdó?"