Ìpè tó sọnù lálẹ́ ọjọ́ Jímọ́: ohun tí mo kọ́ nípa yíyí ọ̀nà ìpè padà

Aago 9 kọjá ìṣẹ́jú 20 lálẹ́ ọjọ́ Jímọ́ ni obìnrin kan kọ́kọ́ pe ọ́fíìsì ìtọ́jú wa. Olùtọ́jú tó yẹ kó wá gbé ìyá rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì kò dé, ó sì ti lé ní wákàtí kan. Ìyá náà ti lé ní ẹni 80 ọdún, òun nìkan ló ń gbé. Ohùn kan dá obìnrin yìí lóhùn pé kó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀. Ó tún pè, ohùn kan náà. Ó pè lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tó yá, ó gbé mọ́tò láti Luton wá sí gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ó sì bá ìyá rẹ̀ lórí àga tó ti jókòó sí láti ọ̀sán. Ilẹ̀ ti mọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó fi sílẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ́ yẹn gan-an ni mo yí ọ̀nà tí ìpè ń gbà wọ ọ́fíìsì wa padà. Èmi ni mo ṣe é. Ìdí rèé tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, torí mo mọ iye àwọn ọmọ Yorùbá tó ní ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀ṣì, ọ́fíìsì ìtọ́jú àti iṣẹ́ fífi ẹrù ránṣẹ́ sílé ní ìlú yìí, tí wọ́n máa fọwọ́ kan fóònù wọn láìpẹ́, bí wọ́n fẹ́, bí wọ́n kọ̀. Wọ́n ń pa fóònù olówáyà bàbà ní Bìrìtìkó. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni Openreach, ilé-iṣẹ́ tó ni ọ̀pọ̀ wáyà fóònù níbí, ti ṣíwọ́ títa láìnì tuntun irú ẹ̀. Oṣù Kejìlá ọdún 2025 ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún pípa gbogbo rẹ̀, kí wọ́n tó sún un sí ọjọ́ 31 oṣù Kíní ọdún 2027. Gbogbo ìpè ló ń lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ́fíìsì kékeré ni tiwa, a máa ń rán olùtọ́jú lọ sílé àwọn àgbàlagbà, a sì ti gbé fóònù wa sórí cloud (ètò fóònù tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì) kí ọjọ́ tó pé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìpè yẹn ṣe sọnù, torí irú rẹ̀ lè wà nínú fóònù tiyín báyìí. Tẹ́lẹ̀, tí a bá ti ti ọ́fíìsì, ìpè máa ń dún lórí fóònù ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kejì ń ráhùn pé òun ò rí oorun sùn, mo sì fẹ́ kó sinmi. Mo yí i padà: kó dún lọ́dọ̀ ẹni tí òru kàn fún 25 ìṣẹ́jú-àáyá, bí kò bá gbé e, kó bọ́ sọ́dọ̀ ẹnì kejì. Mo pe nọ́mbà wa wò, ẹ̀gbọ́n tí òru kàn gbé e, mo ní ó ti parí, mo lọ sílé.

Lálẹ́, bátìrì fóònù ẹ̀gbọ́n kú. Ó ti kì í bọ iná ṣùgbọ́n kò tan sọ́kẹ́ẹ̀tì. Fóònù tó bá ti kú kì í dún rárá. Voicemail ilé-iṣẹ́ tó ni síìmù, ìyẹn ohùn tó ń ní kí ènìyàn fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ló máa ń gbé ìpè náà lójú ẹsẹ̀. Sísítẹ́ẹ̀mù wa kò sì mọ ènìyàn yàtọ̀ sí voicemail. Gbogbo ohun tó mọ̀ ni pé wọ́n ti gbé ìpè, kò tún wá ẹlòmíràn. Ẹnì kejì sùn, fóònù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, kò dún lẹ́ẹ̀kan.

Kódà bí fóònù ẹ̀gbọ́n bá wà ní títàn, ewu náà ṣì wà níbẹ̀. Bí voicemail síìmù bá máa ń gbé ìpè ní 20 ìṣẹ́jú-àáyá, tí ètò tiyín sì ń dúró dìgbà tó bá pé 25, ẹnì kejì ò ní gbọ́ ìpè kankan láéláé. A ṣe àtúnṣe rẹ̀ báyìí: a dín dídún kù sí 18, a pa voicemail orí síìmù fóònù òru, a sì tan ètò kan tó máa ń sọ fún ẹni tó bá gbé ìpè pé kó tẹ 1 kó tó gbọ́ oníbàárà. Voicemail ò lè tẹ 1. Bí kò bá sí ẹni tó tẹ̀ ẹ́, ìpè á tẹ̀síwájú. Ọ̀pọ̀ fóònù orí cloud ló ní ètò yìí, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé pípa ló wà, àfi kí ẹ wá a lọ.

Ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe ni kí n mú bébà. Mi ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mọ́ báyìí tí mi ò bá tíì ya ọ̀nà náà sórí bébà, láti ìgbà tí oníbàárà tẹ nọ́mbà wa títí dé ibi tí ènìyàn ti ní "hẹ́lóò". Lábẹ́ gbogbo ibi tí ìpè bá dúró sí, mo máa ń kọ ìbéèrè kan: bí ẹnikẹ́ni ò bá gbé e níbí ńkọ́? Bí mo bá dé ibi tí mi ò rí ìdáhùn sí, ibẹ̀ ni ìpè ti máa ṣubú. Nígbà tí mo ya tiwa lọ́jọ́ Sátidé yẹn, omijé lójú, mo rí ibi mẹ́ta. Ọ̀kan nínú wọn ń yí po: ọ́fíìsì ń rán ìpè lọ sí fóònù ọ̀gá wa, fóònù ọ̀gá náà ń dá a padà sí nọ́mbà ọ́fíìsì, wọ́n ń ju ìpè síra wọn títí tí ìpè fi ń já. Ó ti pẹ́ tó ti wà bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Bébà mẹ́ta ni mo yà: ọ̀sán, òru, àti ọjọ́ ìsinmi. Ọjọ́ ìsinmi ni ènìyàn máa ń gbàgbé jù. Ọjọ́ Ajé tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹjọ, ọ́fíìsì wà ní títì, ṣùgbọ́n fóònù rò pé iṣẹ́ ń lọ, ó ń dún nínú yàrá tí kò sẹ́nìkan. Ẹ tún wo aago inú ètò náà. Tiwa wà lórí GMT, tí kì í yí padà, dípò aago Lọ́ńdọ̀nù. Gbogbo ìgbà òtútù kò sí ìyàtọ̀. Nígbà tí wọ́n sún aago síwájú ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹta, fóònù wa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní aago 10 dípò 9, gbogbo ẹni tó bá pè láàrin wákàtí yẹn ń gbọ́ pé a ti pa.

Ìkíni tí ẹ̀rọ máa ń sọ náà wà lára ọ̀nà ìpè, mo sì ní èrò líle nípa rẹ̀. Tiwa tẹ́lẹ̀ gùn, ohun mẹ́fà ló ní kí ènìyàn yàn nínú wọn, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì sì ni ìkarùn-ún. Àgbàlagbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n kò lè dúró gbọ́ títí dé ibẹ̀. Ohun mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀ báyìí, pàjáwìrì ló ṣáájú, ẹni tí kò bá tẹ nǹkan kan á sì bọ́ sọ́dọ̀ ènìyàn. Ìkẹta nínú wọn jẹ́ ohun tí mò ń dúnnú sí lójoojúmọ́: "Ẹ tẹ 3 tí ẹ bá fẹ́ bá wa sọ Yorùbá." A ní àwọn ìyá àti bàbá tí àìsàn ìgbàgbé ti ń mú, tí Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ níbí ti ń fi wọ́n sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó jẹ́ pé èdè ilé ló kù. Ẹni tó bá gbọ́ "ẹ káàrọ̀ ma, kí ni ẹ fẹ́ ká ṣe fún yín?" á túra ká. Ó ju ìṣẹ́jú 20 lọ tí màmá kan fi bá mi sọ̀rọ̀ nípa àmàlà kó tó rántí pé ẹsẹ̀ ló ń dun òun.

Ẹ ka gbogbo ohun tó so mọ́ láìnì àtijọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án: ẹ̀rọ POS, ẹ̀rọ tó ń pariwo bí olè bá wọlé, fóònù inú lífìtì. Ní iṣẹ́ tiwa, èyí tó jẹ mí lógún jù ni bọ́tìnnì tí àwọn àgbàlagbà máa ń fi kọ́ ọrùn, tí wọ́n á tẹ̀ bí wọ́n bá ṣubú. Orí láìnì bàbà ni púpọ̀ nínú wọn ti ń pe ìrànlọ́wọ́. Àwọn kan kọ̀, wọn ò pè mọ́, lẹ́yìn tí wọ́n gbé àwọn onílé kúrò lórí láìnì náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú ìjọba pé àwọn ò ní gbé ẹni tó ń lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ó dájú pé ẹ̀rọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí èyí tuntun. Mo dúpẹ́ fún àdéhùn náà, síbẹ̀ a lọ láti ilé dé ilé, a tẹ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, a dúró títí ẹnì kan fi dáhùn.

Láìnì bàbà máa ń gba iná tirẹ̀ láti ibùdó fóònù, ìdí nìyẹn tó fi máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá lọ. Fóònù orí íntánẹ́ẹ̀tì kú tán ní tirẹ̀ tí rúta (ẹ̀rọ tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọlé) bá ti kú. Àwa tí a dàgbà sínú "wọ́n ti mú iná lọ" ló yẹ ká kọ́kọ́ ronú ibẹ̀, ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù ti mú wa gbàgbé. Ẹ ra UPS (bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ ró bí iná bá lọ) fún rúta, kí ẹ sì ṣètò lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ fóònù yín pé bí wọn ò bá rí ọ́fíìsì yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ìpè lọ sórí fóònù alágbèéká kan. Ẹ wò ó bóyá àdírẹ́sì tó wà lórí nọ́mbà yín fún 999 (nọ́mbà pàjáwìrì níbí) jẹ́ ti ibi tí ẹ wà báyìí. Ẹ má pe 999 láti fi dán an wò o. Ilé-iṣẹ́ fóònù yín ni kí ẹ bi. Ẹ má sì fagi lé láìnì àtijọ́ fúnra yín kí nọ́mbà yín tó dé ibi tuntun, torí ẹ lè pàdánù rẹ̀. Bí ohùn bá ń lọ ní apá kan, tí ẹnì kan ń gbọ́ tí èkejì ò gbọ́, ẹ wá ohun tí wọ́n ń pè ní SIP ALG nínú rúta, kí ẹ pa á.

Àwa kì í yí nǹkan kan padà lọ́jọ́ Jímọ́ mọ́. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, kí ọjọ́ mẹ́ta wà níwájú láti fi wo ohun tó bá bàjẹ́. Mo máa ń ya fọ́tò gbogbo ojú ètò àtijọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀, kí n lè dá a padà láàrin ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí mo bá fẹ́ dán an wò, mo máa ń bẹ gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n má gbé e. Ìdánwò tí mo ṣe lọ́jọ́ yẹn kò já mọ́ nǹkan kan, torí ẹni tí mo pè ló gbé e. Ẹ pa fóònù àkọ́kọ́ pátápátá, kí ẹ pè. Ẹ jẹ́ kó máa dún láìgbé e, kí ẹ pè. Ẹ jẹ́ kí ẹni àkọ́kọ́ wà lórí ìpè mìíràn, kí ẹ pè. Ẹ fi síìmù ilé-iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pè, ẹ fi nọ́mbà tó pamọ́ pè, kí ẹ sì ní kí ẹnì kan pè láti Ìbàdàn tí ẹ bá ní oníbàárà nílé. Ọ̀nà òru, òru ni kí ẹ dán an wò.

Mo lọ bẹ obìnrin náà nílé ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, èmi àti ọ̀gá mi. Kò pariwo. Ó kàn bi wá pé, "Ta ni ohùn tí mò ń bá sọ̀rọ̀ yẹn?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ìyá rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wa títí di òní.

Bébà òru náà wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́tùlù. Ní ọjọ́ Jímọ́ àkọ́kọ́ nínú oṣù, mo máa ń pe nọ́mbà wa láti ilé ní aago 11 alẹ́. Ẹni tí òru kàn nìkan ló máa ń mọ̀, torí òun ni mo máa ń ní kó má gbé e. Lóṣù yìí, ẹnì kejì gbé e ní 38 ìṣẹ́jú-àáyá, oorun ṣì wà lóhùn rẹ̀. Mo ní, "Èmi ni o, ẹ̀gbọ́n. Ó dàárọ̀ o."