Ọ́ìlì láti òkè mọ́tò

Àárọ̀ yìí, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọláìyá l'Óṣogbo, nǹkan kan ṣàdédé kán sí mi níwájú orí, mo rò pé òjò ni, àfi bí mo ṣe fọwọ́ kàn án tó ń yọ̀ mí lọ́wọ́. Ọ́ìlì ni o! Ó ti ta sí búbá funfun mi.

Mọ́tò ọlọ́lá àtijọ́ mi tó ń ṣí òrùlé fúnra ẹ̀ yìí, ọ́ìlì ló ń ti òrùlé ẹ̀, rọ́bà inú sìlíńdà (ọ̀pá irin oníhò tí ọ́ìlì ń wọ̀) tó wà lókè gíláàsì iwájú ti gbó, ibẹ̀ ló ti ń jò. Mẹkáníìkì ní àfi ká ra odidi sìlíńdà, owó yẹn pọ̀ jù, inú bí mi gan-an torí irin ẹ̀ ò ṣe nǹkan kan, rọ́bà nìkan ló yẹ ká pààrọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú ẹ̀, ṣé ó ti kán sí yín lórí rí?