Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ní òun ti kọ ọ́ sílẹ̀

Bí prógíráàmù kan bá ní kí Linux (ètò tó ń darí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà) kọ dátà sínú fáìlì, tí write, àṣẹ ìkọ̀wé, sì dá a lóhùn pé báìtì 4096 ti wọlé, ohun tí ìdáhùn náà fi yéni kò ju pé kernel, ọkàn Linux tó ń darí ẹ̀rọ, ti gba dátà náà sínú mẹ́mọ́rì, ní apá tí wọ́n ń pè ní page cache. Díìsìkì lè má tíì gbọ́ nípa rẹ̀ rárá. Ẹni tó bá fi ẹrù rán dẹ́rẹ́bà láti gáréèjì Ifẹ̀ sí Ìbàdàn mọ̀ pé "mo ti gbà á" yàtọ̀ sí "mo ti gbé e fún wọn", síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń kọ prógíráàmù ló máa ń gba ti àkọ́kọ́ bí ẹni pé ti ìkejì ni.

Kernel fúnra rẹ̀ ló ń yan ìgbà tí yóò kó dátà náà lọ sórí díìsìkì. Bí a kò bá yí ètò rẹ̀ padà, ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún márùn-ún ni ó ń wo ohun tó wà nílẹ̀, dátà tó bá sì ti lo tó ìṣẹ́jú àáyá 30 nínú mẹ́mọ́rì ni yóò kó lọ. Iná lè lọ láàárín ìgbà náà, èyí tí n kò ní láti ṣàlàyé fún ará Ilé-Ifẹ̀ kankan. Ṣùgbọ́n bí iná kò tilẹ̀ lọ, díìsìkì lè kọ̀ láti gba dátà náà nítorí pé ó ti ń bàjẹ́, tàbí nítorí pé ohun tí a gbé e lé lórí ti kún, kí àṣìṣe náà sì dé nígbà tí prógíráàmù tó ni dátà ti bá iṣẹ́ mìíràn lọ, tàbí tó tilẹ̀ ti pa fáìlì náà dé. Ta ni kí kernel wá sọ fún? Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà.

Ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tó wà ní Mayfair, Ilé-Ifẹ̀, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Obafemi Awolowo University bá ń sáré parí iṣẹ́ àṣekágbá wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ fi àṣẹ cp da fáìlì ńlá kan sínú flash, àṣẹ náà sì parí kíákíá. Iná kékeré tó wà lára flash ṣì ń ṣẹ́jú, ó sì ti fà á yọ. Ẹni tó gbọ́n díẹ̀ á kọ́kọ́ tẹ sync, àṣẹ tó ń ní kí kernel kó dátà tó wà nílẹ̀ lọ sórí díìsìkì. Ó dára, ṣùgbọ́n sync lásán, tí a kò dárúkọ fáìlì fún, ń pe iṣẹ́ kan nínú kernel tí kì í dá èsì kankan padà, nítorí náà kò lè sọ fún wa pé flash kọ̀. Bí a bá dárúkọ fáìlì náà lẹ́yìn sync, fsync ni yóò pè, iṣẹ́ kernel tó ń kó dátà fáìlì kan ṣoṣo lọ sórí díìsìkì tó sì ń dá èsì padà; fsync sì lè sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá ṣe èyí, inú dmesg, ìwé ìròyìn kernel, ni yóò ti rí ìròyìn rẹ̀, níbi tí ìlà kan yóò ti parí pẹ̀lú "lost async page write" (ìkọ̀wé kan ti sọnù), bí ó bá tilẹ̀ rántí láti wo ibẹ̀.

Nítorí náà, fsync ni ẹnu tí kernel fi ń jẹ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹnu náà kò ṣeé gbára lé. Àmì kan ṣoṣo ni kernel máa ń fi sára fáìlì tí àṣìṣe bá bá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ béèrè ni yóò gbọ́, àmì á sì parẹ́, débi pé ẹlòmíràn tó ṣí fáìlì kan náà á béèrè, wọn á sì ní kò sí nǹkan kan. Jeff Layton, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ kernel, ló tún èyí ṣe ní Linux 4.13, ní ọdún 2017, pẹ̀lú ohun tí a ń pè ní errseq_t, tó mú kí gbogbo ẹni tó ti ṣí fáìlì náà ṣáájú àṣìṣe gbọ́ nípa rẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan.

Lẹ́ẹ̀kan yẹn ni ẹ jẹ́ kí a dúró lé lórí. Lórí ext4 àti XFS, méjì nínú àwọn filesystem (ètò tó ń to fáìlì sórí díìsìkì) tí Linux ń lò, bí díìsìkì bá ti kọ̀ láti gba ojú ìwé (page) kan tó wà nínú mẹ́mọ́rì, kernel á sàmì sí i pé ó ti mọ́, bí ẹni pé ó ti dé díìsìkì. Bí prógíráàmù bá wá pe fsync lẹ́ẹ̀kejì, èsì rere ni yóò rí, nígbà tí dátà náà kò sí níbì kankan tó lè pẹ́. FreeBSD, ètò mìíràn tó jọ Linux, kì í ṣe bẹ́ẹ̀: dátà tí kò wọlé á ṣì wà ní ẹni tí ń dúró de kíkọ. Lójú tèmi, ti FreeBSD ló bá ọgbọ́n mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Linux ní àwíjàre tiwọn: bí wọ́n bá yọ flash tó bàjẹ́ kúrò, dátà rẹ̀ tí kò ní ibi tí yóò lọ á kàn máa jẹ mẹ́mọ́rì títí láé.

PostgreSQL, ètò ìtọ́jú dátà (database), ni ọ̀rọ̀ yìí ká mọ́ nílé ní ọdún 2018. Bí fsync bá kùnà, ó máa ń tún un gbìyànjú; bí ti ẹ̀ẹ̀kejì bá yege, ó gbà pé dátà ti dé, ó sì lè jẹ́ kí àkọsílẹ̀ WAL, ìwé tó ti kọ́kọ́ kọ àyípadà sí, tí ì bá fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀, lọ. Láti oṣù kejì ọdún 2019, nínú ẹ̀dà 11.2 àti àwọn àtúnṣe tí wọ́n jọ jáde, tí fsync bá ti kùnà, PostgreSQL á da ara rẹ̀ dúró pátápátá, á sì tún dátà náà kọ láti inú WAL nígbà tó bá jí padà. Àwọn kan sọ pé èyí ti le jù. Èmi kò rí ọ̀nà mìíràn tí kò ní irọ́ nínú.

Gbogbo èyí jẹ́ orí filesystem kan ṣoṣo. Ó wá le sí i nígbà tí ọ̀kan bá gun orí òmíràn. Overlayfs, tó wọ inú Linux ní 3.18 ní òpin ọdún 2014, tí Docker, ètò tó ń fi prógíráàmù sínú àpótí tí a ń pè ní container, sì ń lò, máa ń fi ìpele ìsàlẹ̀ tí a kì í kọ nǹkan sí sábẹ́ ìpele òkè tó ń gba ìkọ̀wé, ó sì ń fi méjèèjì hàn bí ẹyọ kan. Òun fúnra rẹ̀ kò ní díìsìkì. Bí a bá pe fsync lórí fáìlì kan, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá fáìlì gidi tó wà ní ìpele òkè, àṣìṣe sì ń gba ibẹ̀ padà. Syncfs, tó ń béèrè nípa gbogbo filesystem lẹ́ẹ̀kan náà, ni kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Láti Linux 5.8 ní ọdún 2020 ni syncfs ti lè ròyìn àṣìṣe ìkọ̀wé, ṣùgbọ́n orí ext4 tó gbé ìpele òkè náà ni wọ́n ń ṣàkọsílẹ̀ àṣìṣe ọ̀hún sí, nígbà tí prógíráàmù inú container ń béèrè lọ́wọ́ overlayfs, tí ìwé tirẹ̀ mọ́ tónítóní. Kò purọ́, wọn kò sọ fún un ni.

Ibi tí wọ́n ti ro èyí já jù ni àṣàyàn volatile, tó wọlé ní 5.10. Overlayfs tí a gbé kalẹ̀ báyìí kì í ṣe sync kankan, ó sì ń yára gan-an nígbà tí a bá ń kọ́ image, ìyẹn ohun tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ container, tí a lè tún kọ́ bó bá bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí àṣìṣe bá ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú filesystem tó gbé ìpele òkè rẹ̀, gbogbo sync láti ìgbà náà lọ ni yóò máa kùnà, kò sì sí ìdáríjì. Ó tún ń dá fódà kan tó ń jẹ́ volatile sílẹ̀ nínú work/incompat, bí a bá sì fẹ́ gbé e kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì tó rí i níbẹ̀, á kọ̀.

Fún ẹni tó bá ń ti inú container tọ́jú ìwé owó ọlọ́jà ní Lágéré, ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Ẹ gbé fódà dátà sí orí volume (fódà kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ tí a fi hàn nínú container), kí fsync lè máa lọ tààrà bá filesystem kọ̀ǹpútà náà láìgba ara overlayfs kọjá. Image PostgreSQL tó wọ́pọ̀ lórí Docker ń ṣe èyí fúnra rẹ̀, àfi tí ẹ bá yí ibi tí dátà ń wà padà lọ sí ibòmíràn nínú container, èyí tí mo ti rí i tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe nítorí pé orúkọ rẹ̀ gùn. Bí prógíráàmù tiyín bá ń pààrọ̀ fáìlì, ẹ kọ tuntun sí ẹ̀gbẹ́, ẹ pe fsync lórí rẹ̀, ẹ fi rename gbé e sí ipò àtijọ́, kí ẹ tún pe fsync lórí fódà tí fáìlì náà wà nínú rẹ̀. Bí èyíkéyìí nínú wọn bá kùnà, ẹ má tún un pè: bí rename kò bá tíì wáyé, ẹ fi fáìlì àtijọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ tún dátà náà kọ sínú fáìlì tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀.